Èèkù Ìbọn AR fún Ọlọ́wọ́ Kékeré: Ohun Tí Ọrùn-Ọwọ́ Mi Sọ

Kí n ti ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí kò ráyè lè máa bá tirẹ̀ lọ. Èèkù ìbọn AR, ìyẹn ìbọn gígùn irú AR-15, ni mò ń sọ: ibi tí ọwọ́ ń dì mú lẹ́yìn tírígà, irin tí ìka ń fà kí ìbọn tó yìn. Bí ọwọ́ yín bá kéré bíi tèmi, tó sì jẹ́ pé ńṣe lẹ máa ń dojú bolẹ̀ yìnbọn lu bébà lókèèrè, èèkù tí ilé iṣẹ́ Magpul ń pè ní MOE-K2 ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú wò. Kì í ṣe òun ló rọ̀ jù, kì í sì í ṣe òun ló rẹwà jù. Ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí ìka mi dé ojú tírígà bó ṣe yẹ kó dé, láìjẹ́ pé mò ń lọ́ ọrùn-ọwọ́ bí ẹni tó ń fún aṣọ. Lójú tèmi, ibi tí èèkù bá gbé ìka ẹni sí ló ń jẹ́ ìtura. Bó ṣe rọ̀ tó lẹ́yìn ìyẹn, àfikún ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ náà látòkè délẹ̀, ó yá, ẹ fìdí kalẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí, Houston ní Texas, ní Amẹ́ríkà, ni mò ń gbé. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo máa ń ṣe jù, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé yíyí aláìsàn sọ́tùn-ún sósì lórí ibùsùn kì í fi ọrùn-ọwọ́ ẹni sílẹ̀ lásán. Tọ̀tún mi ti ń ké tipẹ́. Bàbá Tọ́mi, ọkọ mi, ló kọ́kọ́ mú mi lọ sí pápá ìyìnbọn. Ó rò pé n óò yìn ín lẹ́ẹ̀kan, n óò pariwo, n óò padà sídìí fóònù mi. Ní báyìí, èmi ni mò ń jí i láàárọ̀ Sátidé. Ìbọn tí à ń lò jẹ́ AR-15 tí wọ́n tò fún ìyìnbọn tó péye: ọ̀pá rẹ̀ gùn ní ínṣì 18, ó ní ẹsẹ̀ méjì níwájú, awò ńlá wà lórí rẹ̀, tírígà rẹ̀ sì jẹ́ Geissele SSA-E, èyí tí kò gbà ju agbára bíi pọ́ọ̀nù 3.5 lọ kó tó já. Yáàdì 100 ni a sábà máa ń gbé bébà sí, a máa ń sún un dé 200 bí atẹ́gùn bá dákẹ́. A kì í pa ẹranko. Ẹran ewúrẹ́ tí mò ń sè, ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ní Bissonnet ni mo ti ń rà á.

Ọ̀rọ̀ òfin díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀rọ̀ mi kó sí wàhálà. Ẹ̀yin ará ilé ní Nàìjíríà, kíkà ni kí ẹ kà á, nítorí òfin ibẹ̀ kò fún ará ìlú láyè láti ní irú ìbọn yìí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà ìbẹ̀wò, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí ẹ ra ìbọn tàbí kí ẹ ní in, àfi ní àwọn àyè díẹ̀ bíi ti ẹni tó gba ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹ dúró de gíríìnkáàdì yín. Èèkù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìbọn lójú òfin yẹn, èèyàn lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jù ú sínú àpótí tí ẹ ń gbé lọ sí Èkó. Amẹ́ríkà ní òfin lórí kíkó ẹ̀yà ìbọn jáde, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kò sì ní jókòó gbọ́ àlàyé pé ike lásán ni. Ṣakabùlà ẹ̀gbọ́n yín nílé kò tilẹ̀ níbi tí wọ́n á dè é mọ́.

Ó yá, èèkù. Èyí tó máa ń bá ọ̀pọ̀ ìbọn AR wá láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní A2. Ara ìbọn M16A2 tí àwọn ológun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní àwọn ọdún 1980 ni orúkọ náà ti wá. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, A1, dán níwájú. Ìgbà tí wọ́n ṣe A2 ni wọ́n fi kókó kan hù síwájú rẹ̀, tó yẹ kó bọ́ sáàárín ìka àárín àti ìka òrùka. Ọwọ́ ẹnì kan ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe tèmi, kì í sì í ṣe ti ọkọ mi. Tí mo bá di èèkù náà mú lókè dáadáa, orí ìka òrùka mi ni kókó yẹn ń gún. Ti Bàbá Tọ́mi, tí ìka rẹ̀ tó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ìka àárín rẹ̀ kò tilẹ̀ ráyè jókòó láàárín kókó náà àti irin tó yí tírígà ká. Àwọn kan máa ń fi fáìlì ha kókó náà dànù, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀. Ó bójú mu, bí kò bá jẹ́ pé ohun méjì mìíràn ṣì kù tí fáìlì kò lè tún ṣe.

Àkọ́kọ́ ni àlàfo kékeré tó wà níbi tí èèkù ti pàdé irin tó yí tírígà ká. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbẹ́ ìka àárín máa ń fara ti, ojú irin ibẹ̀ kò sì dán. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọta, ara ìka á bó. Rọ́bà kékeré kan wà tí wọ́n ń tà láti fi dí i, àwọn irin ìyíká tírígà mìíràn sì wà tí wọ́n tẹ ìsàlẹ̀ wọn kó má sí àlàfo mọ́. MOE àti K2 kò nílò gbogbo ìyẹn, torí pé wọ́n gbé èèkù náà ga níwájú tó fi bo ibẹ̀.

Ìkejì ló ká mi lára jù: A2 fì sẹ́yìn púpọ̀. Ìbọn tí wọ́n ṣe é fún ní ìdí tó gùn, wọ́n tilẹ̀ fi ínṣì 5/8 kún ìdí M16A2 ju ti èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ọmọ ogun tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, tó na apá ọ̀tún rẹ̀ sókè díẹ̀, èèkù tó fì sẹ́yìn á bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n èmi kọ́. Èmi wà nílẹ̀, àyà mi wà lórí ẹní, ìbọn dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, àpò iyanrìn wà lábẹ́ ìdí rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ mi sì kanlẹ̀ nítòsí ìhà mi. Láti ibẹ̀, kí n tó lè di èèkù A2 mú, ọrùn-ọwọ́ mi ní láti ká. Ọrùn-ọwọ́ tó bá ká á máa fa iṣan ìka, iṣan ìka tó bá sì ti ń fà kò lè fa tírígà jẹ́ẹ́jẹ́. Ìyẹn yàtọ̀ sí pé ó ń dùn mí títí di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé tí mo bá ń kọ fáìlì aláìsàn.

Olùkọ́ kan wà ní pápá tí a ń lọ, bàbá àgbàlagbà tó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí. Kò fi ìwé kọ́ wa. Ó ní kí n yọ máágásíìn (àpótí tí ọta wà nínú rẹ̀), kí n fa irin tó ń ṣí inú ìbọn sẹ́yìn, kí n fojú wo inú rẹ̀, kí n tún ti ìka bọ̀ ọ́ láti mọ̀ pé kò sí ọta níbẹ̀. Ó wá ní kí n dojú bolẹ̀, kí n di ojú mi, kí n di èèkù mú bí ẹni tó ń bọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, kí n gbé ìka ìlábẹ̀ lé tírígà, kí n la ojú, kí n má sì tún ohunkóhun ṣe. Ibi tí ìka bá bọ́ sí yẹn ni ibi tí èèkù ń gbé e lọ, yálà èèyàn fẹ́ tàbí kò fẹ́. Ó yẹ kó jẹ́ ibi rírọ̀ lórí ìka, kó tó dé oríkèé àkọ́kọ́, kí ìka sì ká bí igun ilé kí ó lè fa tírígà sẹ́yìn gbọọrọ. Bí ìka kò bá dé ibẹ̀ tán, ẹni tó ń fọwọ́ ọ̀tún yìnbọn á máa ti tírígà sósì. Bí ó bá kọjá oríkèé, á máa fà á sọ́tùn-ún. Pẹ̀lú A2, ṣóńṣó ìka mi nìkan ló ń kan irin. Ihò mi lórí bébà sì ń tò lọ sósì, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́ẹ́ ni.

Ó tún kọ́ mi ní eré owó ẹyọ. Ìbọn ṣófo, a ti wò ó tán, Bàbá Tọ́mi á gbé dáìmù kan lé orí ọ̀pá ìbọn nítòsí ẹnu rẹ̀, èmi á fa tírígà. Bí dáìmù bá já bọ́, nǹkan kan lára mi ló mì tí kò yẹ kó mì. N kò mọ ọ̀nà tó rọrùn ju èyí lọ láti fi èèkù kan wé èkejì, ilé ni mo sì ti ń ṣe é, láìná ọta kan.

Èyí tí mo kọ́kọ́ fi rọ́pò A2 ni Hogue, onírọ́bà. Ìdí tí gbogbo ènìyàn fi ń yìn ín hàn lójú ẹsẹ̀: ó rọ̀, kì í yọ̀ bí ọwọ́ bá tilẹ̀ ń làágùn, ní Houston nínú oṣù Keje ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ìtura bá jẹ́ ti àtẹ́lẹwọ́ nìkan, ibẹ̀ ni mi ò bá dúró sí. Èyí tí mo rà ní ojú ìka tí wọ́n gbẹ́ síwájú rẹ̀, ìka mi kò sì bá ojú náà dọ́gba. Bí mo bá tẹ̀ lé wọn, ọwọ́ mi á lọ sísàlẹ̀. Bí mo bá kọ̀ wọ́n sílẹ̀, mo ń gun orí ebè. Rọ́bà tó nípọn yí i ká sì tún ti àtẹ́lẹwọ́ mi jìnnà sí tírígà. Ọwọ́ tó bá tóbi dáadáa á gbádùn rẹ̀. Mo fún ọmọ ìjọ wa kan, ó ń dúpẹ́ di òní.

Ilé iṣẹ́ Ergo ní èèkù kan tí wọ́n fi pẹpẹ sí nísàlẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ lè jókòó lé e, wọ́n sì lè gbé pẹpẹ náà sókè tàbí kí wọ́n sún un sísàlẹ̀. Àwọn tó ń yìnbọn látorí tábìlì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mo sì rí ìdí. Lórí tábìlì, ọwọ́ kò ṣe iṣẹ́ kankan, pẹpẹ ló ń gbé e. Mo yá ti ẹnì kan lò, dáìmù kò mì rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dojú bolẹ̀, pẹpẹ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í bá àpò iyanrìn jà, èèkù náà fúnra rẹ̀ sì sanra fún mi. Bí tábìlì bá ni ibùjókòó yín, tí ọwọ́ yín kò sì kéré, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dí yín lọ́wọ́ láti wò ó.

Magpul MOE lásán, èyí tí kì í ṣe K2, ni mo rò pé ó yẹ kó bá gbogbo AR wá láti ilé iṣẹ́. Kò ní kókó, ẹ̀yìn rẹ̀ gòkè lọ gbá àárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ mú, ojú rẹ̀ kò sì dán kó má baà yọ̀. Owó rẹ̀ kò ju ti oúnjẹ ẹni méjì ní búkà àwọn ará wa níbí lọ. Bí ẹ bá máa ń dúró yìnbọn, tàbí tí ẹ ń fi ìbọn kan ṣáá ṣe ohun gbogbo, ẹ lè dúró níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó mú mi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé òun náà ṣì fì sẹ́yìn ju bí ọrùn-ọwọ́ mi ṣe fẹ́ lọ nígbà tí mo bá wà nílẹ̀.

K2 dúró ṣánṣán jù ú lọ. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀ bí ẹ bá gbé méjèèjì síra lórí tábìlì, èmi alára wo wọ́n nínú àwòrán, mo ní kí ló dé tí wọ́n ń pariwo. Orí ilẹ̀ ni ó ti hàn. Nítorí pé ó dúró, ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ mi sún síwájú, ìgbọ̀nwọ́ mi dúró síbi tó wà, ọrùn-ọwọ́ sì na gbọọrọ pẹ̀lú apá. Ìka ìlábẹ̀ mi wá bọ́ sórí tírígà níbi rírọ̀ yẹn láìjẹ́ pé mo wá a. Ìka àárín àti ìka òrùka ló ń fa ìbọn sẹ́yìn sí èjìká, àtàǹpàkò mi kò tilẹ̀ dì í mú mọ́, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bíi ti àwọn tó ń lo ìbọn aláfọwọ́fà (bolt-action). N kò ní parọ́ pé mo di akọni lójijì. Ihò mi ò kéré sí i tó bẹ́ẹ̀; ohun tó yí padà ni pé àwọn tó máa ń sá lọ sósì dín kù, mo sì lè dùbúlẹ̀ síbẹ̀ pẹ́ kí n tó ní kí n sinmi.

Àwọn àbùkù rẹ̀ ńkọ́? Kò tẹ́ẹ́rẹ́ tó A2. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré ju tèmi lọ lè rí i pé ó kún ọwọ́ jù, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ó wo MOE-K, tó kúrú. Ojú K2 tún le, ike líle ni, oòrùn Texas á sì mú un gbóná bí ẹ bá fi í sílẹ̀ síta. K2+ wà, òun ni wọ́n fi rọ́bà bo ara rẹ̀, owó rẹ̀ sì fi díẹ̀ ga. Èmi kò rí ìdí láti san àfikún yẹn, torí pé nígbà tí ọrùn-ọwọ́ ti tọ́, n kò ní láti fún èèkù mọ́, ẹni tí kò bá sì fún un kò nílò kó rọ̀. Ó tún ṣófo nínú, wọ́n ń ta ohun kékeré kan lọ́tọ̀ tí ẹ lè tì bọ̀ ọ́ láti fi tọ́jú bátìrì awò. Ìyẹn ti wúlò fún mi.

Bàbá Tọ́mi kọ K2. MIAD ló mú, ti Magpul náà, tí wọ́n ń ta pẹ̀lú ẹ̀yìn àti iwájú oríṣiríṣi tí èèyàn lè máa pààrọ̀. Ó gbé ẹ̀yìn tó nípọn jù sí i kí ìka rẹ̀ gígùn má baà kọjá oríkèé lórí tírígà. Àìsàn kan náà ni, òdìkejì ló ti ṣe é.

Bí ẹ ṣe máa dè é ló kù, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Sukúrù kan ṣoṣo ló so èèkù mọ́ AR, láti inú èèkù náà lọ sókè. Ó dà bí iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ihò kékeré lápá ọ̀tún orí èèkù, òun ló ń ti ọ̀pá irin kékeré kan sókè mọ́ sáfẹ́tì (ohun tí à ń yí kí ìbọn má baà yìn) kí ó lè máa dún kẹ́ẹ́ tí ẹ bá yí i. Bí ẹ bá kàn fa èèkù yọ, sípíríǹgì yẹn á fò lọ sábẹ́ àga, ẹ ò ní rí i mọ́. Nítorí náà, ẹ ṣí ìbọn wò pé kò lọ́ta, ẹ dojú rẹ̀ dé kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà lókè, ẹ tú sukúrù, ẹ wá rọra gbé èèkù sókè, kí ẹ fojú sí sípíríǹgì náà. Ọ̀pá irin kékeré yẹn á dúró nínú ihò rẹ̀ bí ìbọn bá ṣì dojú dé. Ẹ ti sípíríǹgì bọ ihò èèkù tuntun, ẹ rí i pé ó dúró gbọọrọ, ẹ gbé èèkù lé e, kí ẹ wá dè é. Ẹ má fi agbára ọkùnrin dè é, torí pé ibi tí sukúrù ń wọ̀ jẹ́ alumíníọ́mù, ó lè bàjẹ́. Nígbà tí ẹ bá tán, ẹ yí sáfẹ́tì síwá sẹ́yìn. Bí ó bá le jù, tàbí tí kò dún, ẹ ti tẹ sípíríǹgì ká. Ẹ tú u, ẹ tún un ṣe. Ẹ má gbé ìbọn tí sáfẹ́tì rẹ̀ ń ṣe iyèméjì lọ sí pápá.

Ẹ̀yin ará California, ẹ má bínú, ọ̀pọ̀ ohun tí mo sọ kò kàn yín. Òfin ìpínlẹ̀ yín kò fẹ́ èèkù tó yọ sísàlẹ̀ lára irú ìbọn yìí bí máágásíìn rẹ̀ bá ṣeé yọ, ìdí nìyẹn tí àwọn kan níbẹ̀ fi ń lo èèkù tí wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ ike dí kí àtàǹpàkò má lè yí i ká. New York náà ní tirẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó rà.

Ní ti ibi tí ẹ ti lè rà á, àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa bàbá ẹni. Tèmi ni pé bí ọwọ́ mi kò bá tíì tẹ èèkù, n kì í sanwó. Ṣọ́ọ̀bù kan wà nítòsí wa tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kọ́ nínú ike, tí ọmọkùnrin ibẹ̀ sì ń sọ fún mi pé àwọn obìnrin sábà máa ń fẹ́ èyí tó ní àwọ̀ mèremère. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde. Èyí tí mo padà rà, pápá ìyìnbọn ni mo ti kọ́kọ́ dì í mú, lára ìbọn àwọn ẹlòmíràn. Àwọn ènìyàn pápá lawọ́, ẹ ṣáà kí wọn dáadáa, kí ẹ ní ẹ fẹ́ mọ bí èèkù wọn ṣe rí, ìbọn ṣófo, ẹnu rẹ̀ dojú kọ òkìtì iyẹ̀pẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn á tún jẹ́ kí ẹ dojú bolẹ̀ sídìí rẹ̀.

Ìbọn kan ṣoṣo ni èmi àti Bàbá Tọ́mi ṣì ní, nítorí náà ẹni tó bá tètè jí ní Sátidé ló ń de èèkù tirẹ̀ mọ́ ọn. Ó ti ń wo ìbọn kejì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní nítorí ọrùn-ọwọ́ mi ni.